Mànàmáná Inú Yàrá: Bí A Ṣe Ń Fi Iná Fláàṣì Ya Fọ́tò Ẹ̀kán Omi Nílé

Kò sí ẹni tó dàgbà nílẹ̀ yìí tí kò mọ bí òru òjò ṣe ń rí. Òkùnkùn á bo gbogbo àdúgbò, ìjì á máa fi igi síwá sẹ́yìn, lójijì mànàmáná á kọ yẹ̀rì. Ní ìwọ̀nba ìgbà tí iná náà fi tàn, a ó rí igi tó tẹ̀ tí kò tíì nàró padà, a ó rí ewé tó já tó dúró sínú afẹ́fẹ́, a ó rí ewúrẹ́ tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè tí kò tíì gbé e kalẹ̀. Igi náà kò dúró o, ewé náà kò sì dúró. Ìmọ́lẹ̀ ni kò pẹ́ tó láti fi ìrìn wọn hàn wá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó bá lè dá mànàmáná kékeré tirẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá, tó sì ní kámẹ́rà, yóò rí ohun tí ojú lásán kò lè rí: bí ẹ̀kán omi kan ṣe ń ṣe nígbà tó bá bọ́ sínú abọ́ omi. Ó lè dàbí eré ọmọdé létí ẹlòmíràn. Omi kán sínú omi, kí ni èrè tó wà níbẹ̀? Ẹ ní sùúrù. Kí a tó dé ìparí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan ìyá aláta lọ́jà, ó kan àgbẹ̀ lóko, ó sì kan àwa olùkọ́ tí a ń di ṣọ́ọ̀kì mú níwájú pátákó ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ìdí tí ojú kò fi lè rí i

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí omi bá kán láti ibi tó ga ní 50 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn ni pé kò tó rúlà ilé ìwé méjì, yóò gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó balẹ̀. Nígbà tó bá fi máa kan omi abọ́, eré tó ń sá ti tó mítà 3 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀kán náà fúnra rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 4 ààbọ̀ lọ. Bó ṣe wọlé báyìí, omi á fò sókè yí i ká bí adé, adé á wó, òpó omi á yọ láti àárín, òpó náà á tún wó, ó parí. Kí a tó pa ojú dé kí a sì tún là á, gbogbo rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ohun tí àwa rí kò ju pé omi dún "tó," ó sì ta.

Kámẹ́rà nìkan kò lè gbà wá. Inú kámẹ́rà ní ilẹ̀kùn kékeré kan tó máa ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, tó sì máa ń padé. Bí ilẹ̀kùn náà bá ṣí fún ìdá kan nínú 200 ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tó dàbí ẹni pé ó yára púpọ̀, ẹ̀kán omi wa yóò ti rìn tó mìlímítà 15 láàárín àkókò náà. Ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́ta ìbú ara rẹ̀ lọ. Ohun tí yóò wà nínú fọ́tò yóò dàbí òwú funfun tí a fà gùn, kì yóò jọ ẹ̀kán omi rárá.

Ṣùgbọ́n bí yàrá bá ṣókùnkùn, tí iná fláàṣì sì tàn fún ìdá kan nínú 15,000 ìṣẹ́jú-àáyá péré, ẹ̀kán náà kò ní lè rìn ju ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà lọ kí iná tó kú. Ilẹ̀kùn kámẹ́rà ìbáà ṣí sílẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú-àáyá méjì, kò ní rí nǹkan mìíràn, nítorí òkùnkùn ló ṣáájú iná, òkùnkùn náà ló sì tẹ̀lé e. A lè sọ pé iná ló ya fọ́tò náà. Kámẹ́rà kàn la ojú sílẹ̀ dè é ni.

Àwọn tó ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú wa

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tòní. Ní 1851, William Henry Fox Talbot, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó wà lára àwọn tó pilẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò, lẹ ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn The Times mọ́ ara àwo kan tí ń yí bírí bírí. Inú òkùnkùn ni ó ti ṣe é, ó sì jẹ́ kí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì kan ṣẹ́ pàrà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti inú àwọn ìgò tí ó ti kó agbára iná náà pamọ́ sí. Nígbà tí fọ́tò náà jáde, lẹ́tà orí ìwé ìròyìn tí ń yí náà ṣe é kà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Arthur Worthington dìde. Ọmọ ilé ìwé kan ní Rugby, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàkíyèsí àwọn àpá mèremère tí ẹ̀kán íǹkì dá sára gíláàsì tí èéfín ti kùn, láti ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà sì ti wọ Worthington lọ́kàn. Láti nǹkan bí 1876 ni ó ti ń jókòó sínú òkùnkùn, tí ó ń jẹ́ kí ẹ̀kán bọ́, tí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì á ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tí òun á sì yára fi ọwọ́ ya ohun tó ṣẹ́kù sí i lójú. Bí ẹ̀kán kejì bá ń bọ̀, á sún iná náà síwájú díẹ̀, á sì tún ya tiyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ó fi to ìtàn ẹ̀kán omi jọ ní ìpele ìpele fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwòrán rẹ̀ dára. Gbogbo adé ló pé, gbogbo eyín adé ló dọ́gba, bí ẹni pé alágbẹ̀dẹ wúrà ló rọ wọ́n.

Nígbà tó di 1894, ó wá rí ọ̀nà láti fi kámẹ́rà ya ohun kan náà. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀! Adé inú fọ́tò kò dọ́gba. Apá kan ga, apá kan kúrú. Eyín kan sanra, èkejì tẹ̀. Worthington padà sí àkọsílẹ̀ rẹ̀ àtijọ́, ó sì rí i pé òun náà ti ya ọ̀pọ̀ èyí tó wọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí òun ń to ìtàn jọ, òun ń yọ wọ́n kúrò, òun ń kà á sí pé àṣìṣe ló bá àwọn yẹn. Adé pípé tí ó ti gbé sọ́kàn ni ó ń wá, òun náà ni ó sì ń rí. Ọkùnrin náà kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Ó sọ ọ́ ní gbangba, ó sì tẹ àwọn fọ́tò náà jáde nínú ìwé rẹ̀, A Study of Splashes, ní 1908.

Ẹnì kẹta ni Harold Edgerton, tí wọ́n bí ní Nebraska, ní Amẹ́ríkà, ní 1903. Olùkọ́ ni òun náà, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT. Òun ni ó sọ iná tó ń tàn tó sì ń kú lójú ẹsẹ̀ di ohun tí ayàwòrán lè gbé rìn. Nígbà ogun Hitler, wọ́n fi iná rẹ̀ ya fọ́tò ilẹ̀ lóru láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Síbẹ̀ ẹ̀kán mílíìkì ni ó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Ó ya adé mílíìkì ní 1936, ayé yìn ín, ṣùgbọ́n kò jáwọ́. Ní 1957 ó tún ya òmíràn ní aláwọ̀, adé funfun lórí ilẹ̀ pupa, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì mọ̀ títí di òní. Ó kú ní 1990. Ohun tó gba àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí ní ọ̀pọ̀ ọdún ni àwa lè ṣe báyìí lórí tábìlì ìdáná.

Ohun tí a nílò

Èkíní ni kámẹ́rà tí a lè fi ọwọ́ ara wa tò, kì í ṣe èyí tó ń fúnra rẹ̀ yan ohun gbogbo. Fóònù náà lè ṣe é, bí ó bá ní ibi tí a ti lè pàṣẹ pé kí ó la ojú fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì.

Èkejì ni fláàṣì tó dá dúró, tó ń lo bátìrì, tó sì ní bọ́tìnì tí a fi ń dín agbára rẹ̀ kù. Ẹ má ṣe rò pé iná kékeré ẹ̀yìn fóònù lè ṣe iṣẹ́ yìí. Fìtílà ni ìyẹn, ó máa ń pẹ́ jù. Ẹni tí kò bá ní fláàṣì lè tọ onífọ́tò àdúgbò lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní èyí àtijọ́ tó ti jókòó sínú àpótí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe so fláàṣì àtijọ́ mọ́ orí kámẹ́rà ìgbàlódé láìkọ́kọ́ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n, nítorí agbára iná àwọn mìíràn nínú wọn lè ba kámẹ́rà jẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí omi yóò máa kán láti inú rẹ̀. Rọ́bà tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń fa omi sí aláìsàn lára ló dára jù, nítorí ó ní ibi tí a lè fi ìka yí kí omi yára tàbí kí ó falẹ̀. Ogún ẹ̀kán ti irú èyí tó wọ́pọ̀ ni ó ń pé mílílítà kan. Ẹ ra tuntun lọ́dọ̀ kẹ́místi. Ẹ má ṣe gba èyí tí wọ́n ti lò fún aláìsàn, ìbáà jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí kò bá sí, ọ̀rá omi tí a fi abẹ́rẹ́ lu ihò kékeré kan sí nídìí yóò ṣe é.

Ẹ̀kẹrin ni abọ́ fífẹ̀ kan tàbí bàsíà, páálí funfun kan, rúlà, aṣọ ìnulẹ̀, àti mílíìkì díẹ̀. Mílíìkì inú agolo tí a fi omi là ni ó tọ́ jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ kò ń gba inú rẹ̀ kọjá bíi ti omi, ojú sì tètè ń dá ìrísí rẹ̀ mọ̀.

Bí a ó ṣe ṣe é

Ẹ gbé abọ́ sórí tábìlì, kí ẹ bu omi kún un dé ẹnu kí etí abọ́ má baà yọ nínú fọ́tò. Ẹ so rọ́bà náà rọ̀ sórí igi tàbí sára àga gíga, kí ẹnu rẹ̀ fi 50 sẹ̀ǹtímítà ga ju omi lọ. Ẹ yí i títí tí yóò fi máa kán ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ó máa kán sí ojú kan náà ni pàtàkì. Ẹ ti fèrèsé, ẹ sì pa fáànù, nítorí afẹ́fẹ́ díẹ̀ lè yí ibi tí ẹ̀kán yóò bọ́ sí.

Ẹ wá fi rúlà dábùú ẹnu abọ́, ní ibi tí omi ń kán sí gan-an. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà mú rúlà náà kí ó hàn kedere, kí ẹ sì tì í pa síbẹ̀ kí ó má baà tún fúnra rẹ̀ wá nǹkan mìíràn. Ẹ yọ rúlà kúrò. Kí kámẹ́rà wà ní ìsàlẹ̀, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú omi dọ́gba, kí ó sì dúró lórí ohun tí kò ní mì. Ẹni tó bá ń lo kámẹ́rà ńlá lè to ihò ojú rẹ̀ sí f/11, kí ISO wà ní 200. Ẹni tó bá ń lo fóònù, kí ó gbé ISO rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ẹ gbé páálí funfun náà sí ẹ̀yìn abọ́, kí ẹ sì kọ ojú fláàṣì sí páálí náà, kì í ṣe sí omi. Ìmọ́lẹ̀ yóò ta padà láti ara páálí, yóò gba inú omi kọjá, omi yóò sì tàn bíi gíláàsì. Bí ó bá jẹ́ mílíìkì ni ẹ ń yà, ẹ kọ fláàṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Kí fláàṣì wà nítòsí, kí ẹ sì fi ọ̀rá tó mọ́ gaara wé e nítorí omi tó ń ta.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n rò pé bí fláàṣì bá ti lágbára tó ni yóò ti dára tó, òdìkejì rẹ̀ sì ni. Fláàṣì irú èyí kì í dín iná kù bí ìgbà tí a bá rẹ fìtílà sílẹ̀. Ńṣe ni ó ń gé àkókò rẹ̀ kúrú. Bí a bá lo gbogbo agbára rẹ̀, iná náà lè pẹ́ tó nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ̀kán omi yóò sì ti rìn mìlímítà 3. Bí a bá dín in sí ìdá kan nínú 32, ó lè kúrú dé ìdá kan nínú 15,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ẹ dín agbára kù, kí ẹ sì fi ìtòsí dí i.

Ó wá ku ẹ̀tọ́ àsìkò. Ẹ pa iná yàrá. Kí ọmọ kan máa ṣí kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì, kí ẹnì kejì máa tẹ fláàṣì. Kí iná tọ́ọ̀ṣì bàìbàì kan wà lára ẹnu rọ́bà nìkan, kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lè rí i bí ẹ̀kán ṣe ń já. Ọwọ́ ènìyàn kì í yá ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá lọ lẹ́yìn tí ojú bá ti rí nǹkan. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́ tí ẹ rí i tó já, ẹ̀kán ṣì wà lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá dúró fún ìṣẹ́jú kíún, ẹ ó bá adé. Bí ẹ bá tún fi díẹ̀ kún un, ẹ ó bá òpó. Ẹni tó bá sì dúró títí ó fi gbọ́ "tó" kí ó tó tẹ̀ ẹ́ ti pẹ́. Ẹ jẹ́ kí omi máa kán ní ìwọ̀n kan náà, kí ẹ máa fi orí gbà á bí oníjó ṣe ń gba ìlù gángan. Láìpẹ́ ọwọ́ yóò mọ ibi tí ẹsẹ̀ ìlù yóò bọ́ sí. Nínú fọ́tò ọgọ́rùn-ún, bí mẹ́wàá bá jọ yín lójú, ẹ ṣe bẹbẹ. Àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí ṣe òwò ní ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣí omi tó sì ń pàṣẹ fún fláàṣì fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n sùúrù ni a fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ ó rí

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀kán náà kí ó tó balẹ̀. Kò ní ṣóńṣó lórí bí a ṣe máa ń yà á. Ó ṣe roboto bí ọmọ ayò ni, nítorí awọ ojú omi ń fa ara rẹ̀ jọ láti gbogbo ìhà. Bí ẹ bá fi aṣọ àǹkárá kan kọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí àǹkárá náà nínú ẹ̀kán, kékeré, ní àdojúdé, nítorí ẹ̀kán omi ń ṣe iṣẹ́ dígí ojú kámẹ́rà.

Lẹ́yìn náà ni adé. Mílíìkì díẹ̀ tí a dà sínú àwo pẹrẹsẹ, tí kò jìn ju mìlímítà díẹ̀ lọ, ló máa ń bí adé tó dára jù. Ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ kan á dìde yíká, etí rẹ̀ á pín sí eyín eyín, orí eyín kọ̀ọ̀kan á sì ká jọ di ìlẹ̀kẹ̀ tó fẹ́ já.

Nínú omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ihò tí ẹ̀kán gbẹ́ sínú omi á padé, omi láti ìhà gbogbo á pàdé láàárín, kò ní rí ibi lọ ju òkè lọ. Á wá yọ bí ọmọ odó, orí rẹ̀ á sì já di ẹ̀kán tuntun. Òpó yìí ni àwọn onímọ̀ ṣì ń fi orúkọ Worthington pè títí di òní. Bí ẹ̀kán kejì bá sì dé ní àkókò tí òpó àkọ́kọ́ ṣì dúró, á bọ́ lé e lórí, omi á tẹ́ bí agboòrùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Èyí ni ó ṣòro jù láti bá pàdé, òun náà ni àwọn ọmọ ilé ìwé sì máa ń fẹ́ràn jù.

Ẹ ṣọ́ra

Omi àti iná ẹ̀lẹ́tíríìkì kì í ṣe ọ̀rẹ́. Fláàṣì oníbátìrì ni kí ẹ lò, ẹ má ṣe fa wáyà iná ilé wá sí ẹ̀gbẹ́ abọ́. Ẹ má ṣe tú fláàṣì wò láéláé, kódà bí ẹ bá ti yọ bátìrì rẹ̀, nítorí agbára tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lè tó 300 fólìtì, ó sì lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan án sí ojú ọmọ nítòsí. Ẹ máa nu ilẹ̀ bí ẹ ti ń ṣe é lọ, nítorí inú òkùnkùn ni ẹ wà, omi ilẹ̀ sì ń yọ̀. Bí ẹ bá ti lo mílíìkì tán, ẹ fọ gbogbo rẹ̀ kí èèrà má baà jogún yàrá.

Èrè rẹ̀ fún ọlọ́jà àti àgbẹ̀

Ẹ wo ìdí ògiri ilé funfun nígbà òjò. Ẹ ó rí i pé pupa ti gun un láti ilẹ̀ sókè. Ta ni ó kùn ún? Òjò kò ní àwọ̀ pupa. Ẹ̀kán òjò ló bọ́ sórí ilẹ̀ lásán, ó gbẹ́ ihò, ó ta adé, eyín adé náà sì gbé yẹ̀pẹ̀ sókè lọ lẹ ògiri. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú abọ́ mílíìkì yín náà nìyẹn, àfi pé yẹ̀pẹ̀ ni ó wà níbí.

Ohun tó lè gun ògiri lè gun ọjà. Ìyá aláta tó to tòmátì sórí àpò nílẹ̀ nígbà òjò, bí ó tilẹ̀ ta agboòrùn lé e lórí, yẹ̀pẹ̀ àti ìdọ̀tí ilẹ̀ ṣì ń fò wọ inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ó yẹ kí a gbé oúnjẹ sórí tábìlì gíga, kí a má sì to ọjà sí ibi tí omi etí òrùlé ń kán sí. Lóko, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kán òjò ṣe ń gbé àrùn láti ilẹ̀ lọ sí ewé ìsàlẹ̀ tòmátì, tó sì ń tú ojú ilẹ̀ kí àgbàrá lè gbé e lọ. Àgbẹ̀ tó fi koríko gbígbẹ bo ẹsẹ̀ ohun ọ̀gbìn rẹ̀ ti gba ẹ̀kán òjò lójú ọ̀nà.

Olùkọ́ tí kò ní kámẹ́rà rárá lè fi èyí han àwọn ọmọ. Ẹ da yẹ̀pẹ̀ tútù sínú àwo, ẹ gbé páálí funfun nàró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí omi kán lé e láti òkè tó ga tó mítà kan. Kí àwọn ọmọ ka àpá tó wà lára páálí lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ẹ̀kán. Ẹ wá fi koríko gbígbẹ bo yẹ̀pẹ̀ náà, kí ẹ pààrọ̀ páálí, kí ẹ sì tún un kà.

Ẹ má ju èyí tó wọ́ nù

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa olùkọ́ nìyí. Bí a bá ní kí ọmọ ya ẹ̀kán òjò, ohun tó ní ṣóńṣó lórí tó sì tóbi nídìí ni yóò yà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí nínú ìwé àti lára pátákó wa. Bí ọmọ mìíràn bá ya roboto, ó ṣeé ṣe kí a fi pẹ́ńsù pupa fà á. A ti fìyà jẹ ẹni tó rí òótọ́, a sì ti fún ẹni tó da ìwé kọ ní máàkì.

Ẹ̀kọ́ tí Worthington kọ́ kò parí sórí omi. Kì í ṣe pé ojú rẹ̀ fọ́, kì í sì í ṣe òpùrọ́. Ẹwà ni ó gbà á lọ́kàn, ó sì ń fi ìwọ̀n ẹwà náà ṣa òótọ́, ó ń mú èyí tó bá a mu, ó ń fi ìyókù sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ń ṣe irú rẹ̀. Oníṣòwò tó ń ka ọjọ́ tí ọjà tà, tí kò kọ ọjọ́ tí kò tà sílẹ̀, adé pípé ni ó ń yà. Olùkọ́ tó ń fi ìwé ọmọ mẹ́ta tó mọ̀ ọ́n jù han alábẹ̀wò, adé pípé ni òun náà ń yà.

Nítorí náà, bí ẹ bá ṣe iṣẹ́ yìí nílé tàbí ní kíláàsì, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ ya ẹ̀kán omi láti orí ara rẹ̀, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ya fọ́tò. Kí ẹ kọ ọjọ́, gíga tí omi ti kán, àti bí omi tàbí mílíìkì náà ṣe jìn tó, sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Ẹ máa tọ́jú gbogbo wọn pọ̀. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kù tà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Bí ẹnì kan bá bi ọmọ yín pé kí ló dé tí adé yìí wọ́, kí ó lè dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun ṣe bá a.